Ìkálàáfíà: ta ló fẹ́ ká àlàáfíà wa nílẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ èdè, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síra yín láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì panu mọ́, torí mo mọ ara mi: bí mo bá la ẹnu, yóò pẹ́ kí n tó pa á dé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àbúrò wa kan tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun fẹ́ bá àwọn ará Agbowó, Ajíbọ́dẹ àti Ọ̀jọ́ọ̀ ṣe ètò kan lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ àti aládùúgbò yóò ṣe máa gbé pọ̀ láìjà. Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára báńà ní Yorùbá, kí ìyá ẹlẹ́wà tó wà lẹ́bàá géètì lè kà á. Títí dé ibẹ̀, mo kí wọn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní peace education ló wá sọ ní ìkálàáfíà. Ti community involvement, ó pè é ní ìkópa àwùjọ. Ó to gírámà jọ láti fi gbè é lẹ́yìn, ó ní kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn fi òfin èdè bi òun wó.

Èmi kò lè fi òfin bì í wó, nítorí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́ ẹ̀kọ́ di kẹ́kọ̀ọ́: fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe pa jẹ, ohùn òkè rẹ̀ gun orí ẹ. Kọ́ àlàáfíà náà á di kálàáfíà, ẹ fi ì síwájú rẹ̀, ó di ìkálàáfíà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ìkọ́làáfíà ló yẹ kó jẹ́, ẹ dákẹ́ ná. Kọ́lé lẹ fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n i ló wà níwájú ilé, i ló sì máa ń yà fún ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ yẹn. Fáwẹ̀lì a kì í yà bọ̀rọ̀.

Etí wá ńkọ́? Ká ẹní, ó di kẹ́ní. Ká ọsàn, ó di kọ́sàn. Ká àlàáfíà, kí ni yóò dà bí kò bá di kálàáfíà? Ẹ gbé báńà yín kọ́ sí géètì Agbowó, kí ìyá ẹlẹ́wà kà á, ẹ ó gbọ́ bí yóò ti bi oníbàárà rẹ̀ léèrè pé ta ni wọ́n ní ó ń bọ̀ wá ká àlàáfíà nílẹ̀. Kẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú wàhálà yìí, torí kò sẹ́ni tó ń ká ẹ̀kọ́ bí ẹní. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bàbá tó ń kọ́ wa ní Yorùbá kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé wọ́n pe ìyá tó ń ta gúgúrú lẹ́yìn ọgbà kó wá gbọ́ ọ. Wọn kò ní ṣàlàyé kankan fún un. Wọn á kàn ní, "Ìyá, kí lẹ gbọ́?" Bí ìyá bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀, bí gírámà rẹ̀ ti lè dán tó. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń ṣẹ̀dá níbí lónìí, ìyá yẹn ì bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fẹ́rìn-ín.

Ìyá wa tó ń gbé Bódìjà wá dá sí i, wọ́n ní ká pè é ní ìkọ́nilálàáfíà. Ó yọ̀ létí, kò sì sẹ́ni tí yóò ṣì í gbọ́. Ìyá wa, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀pọ̀ nínú gírámà tí mo fi ń ṣe fọ́ńté, ọwọ́ yín ni mo ti gbà á. Àmọ́ ni, ọ̀rọ̀ kékeré tó dúró fún ẹni tí à ń ṣe nǹkan sí, tó jókòó sí àárín ọ̀rọ̀ yẹn, òun ni mi ò lè gbé mì. Ẹ wo irú ilé tí ni ń gbé nínú èdè wa: apani, ìtannijẹ, ìfinisùn, ìfiniṣẹ̀sín. Ó ń gbé ilé rere náà: aṣenilóore, ìrannilọ́wọ́. Nínú ibi o, nínú ire o, ni kì í dìde ṣe nǹkan kan. Òun ni wọ́n pa, òun ni wọ́n tàn, òun náà ni wọ́n ràn lọ́wọ́. Ta wá ni ni nínú ìkọ́nilálàáfíà? Ará Agbowó ni! Kí lánlọ́ọ̀dù, ayálégbé, ọlọ́kadà àti ìyá ẹlẹ́wà jókòó, kí ọmọ tí kò tíì san owó ilé rí láìbéèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ máa kọ́ wọn bí a ti í gbé láìjà.

Ẹni tó bá ti gbé Agbowó rí mọ ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù á fowó lé owó ilé nígbà tí ìdánwò ku fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnìkan á gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu fèrèsé ẹlòmíì lóru. Omi kànga á fà, ẹni méjì á máa du kéègì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á pẹ́ ní láíbìrì, á bá géètì àdúgbò ní títì, á gun ún, ọlọ́dẹ á pè é lólè. Ta ló ń parí irú ìjà báyìí? Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé lánlọ́ọ̀dù tó dàgbà jù ní ọjọ́ Sátidé, ẹ ó rí àwọn àgbà àdúgbò lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń rojọ́, ẹni tó ṣẹ̀ ń mira, kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, wọn kì í kọ́kọ́ bi í pé ṣé ó jẹ̀bi; wọ́n á bi í pé bí òun bá wà nípò ẹnìkejì, báwo ni ì bá ti ṣe é. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé tésàn, torí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn wọ̀nyí lẹ fẹ́ sọ di ni?

Mi ò sọ pé inú ọgbà ṣófo o. IPSS wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ nípa àlàáfíà gan-an. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ohun tó ń gbé ìjà láti abúlé kan dé orílẹ̀-èdè kan, orí bẹ́ǹṣì Sátidé kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n yunifásítì yìí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ni rí, kò sì yẹ kó gbàgbé. Ní 1948 tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní Eléyẹlé, kó tó kó lọ síbi tó wà báyìí, abẹ́ Yunifásítì London ló wà, oyè London ni wọ́n ń fi lé àwọn ọmọ rẹ̀ lórí. 1962 ló tó di yunifásítì tó dá dúró. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti òkèèrè rí mọ bó ṣe ń rí lára.

Ohun tí èmi rò rèé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kọ́ ní ojú méjì. Mo ń kọ́ ìlù, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ń kọ́ ọ ní ìlù, mo di ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé olùkọ́ àti ọmọ iṣẹ́ dání. Kí ló dé tí a fẹ́ fi ni dí ojú kan pa? Ẹ mú àjọ, tó ṣẹ̀dá àjọṣe, àjọgbé àti àjọjẹ, kí ẹ fi síwájú rẹ̀: àjọkọ́. Àjọkọ́ àlàáfíà. Ará ọgbà ń kọ́ ọ, ará Agbowó ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń fi kọ́ ara wọn. Bí ìyá ẹlẹ́wà bá gbọ́ ọ bíi pé àwọn kan jọ ń kọ́ ilé, kò ṣì í gbọ́. Mo sì mọ ohun tí ẹni kan yóò sọ: àjọ ti di orúkọ fún ìgbìmọ̀ ìjọba, báńà yóò dà bíi ti ẹ̀ka ìjọba kan. Kò burú. Ìjọba ló bá àjọ nínú èdè, àjọ kọ́ ló bá ìjọba. Àgbà tó ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, ìgbìmọ̀ wo ló ń bá wí?

Ó ku ẹni tó ní ká yọ àlàáfíà fúnra rẹ̀ dànù nítorí pé Lárúbáwá ló ni ín, pé ìrẹ́pọ̀ ló jẹ́ tiwa. Kó yọ àlùbọ́sà náà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, kó sì má gba àdúrà mọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ara wa láàárọ̀ ti di tiwa. Ìrẹ́pọ̀ kò sì tó o fẹ̀. Bí a bá bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni, ara rẹ là ń bèèrè, ilé rẹ là ń bèèrè, ọmọ rẹ, owó rẹ, oorun rẹ. Johan Galtung, ọ̀mọ̀wé ará Norway, ti kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1960 pé kí ìjà má sí, apá kan àlàáfíà lásán ni. Apá kejì ni pé kí ohun tí ń rẹ́ni jẹ náà kúrò nílẹ̀. Ìyá mi àgbà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ fún wọn pé àlàáfíà wà nínú ilé tí ebi wà.

Ẹlòmíì fi oríkì bú wa. Ó ní ará Ìbàdàn wo ló fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní àlàáfíà, ìlú tí olè gbé ń jàre olóhun. Mo rò pé ará Ìjẹ̀ṣà ni, bí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ ibi tó ti ń dùn ún! Ọ̀rẹ́, àwa la mọ iye tó ń ná ni. 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, Látòósà ti Ìbàdàn níhìn-ín, Ògèdèngbé ti Ìjẹ̀ṣà lọ́hùn-ún. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Àlùfáà Samuel Johnson wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ láàárín ọ̀tún òun òsì. Síbẹ̀, 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú bùdó ká. Gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn náà ní kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ Ifẹ̀. Ìwé kò parí i: ní 1997, ọ̀rọ̀ náà tún di ìbọn. Ìlú tó ti rí bẹ́ẹ̀ tún nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé ìtọwọ́bọ̀wé yàtọ̀ sí àlàáfíà? Ẹ jẹ́ kí á fi oríkì sílẹ̀, tàbí kí ó mú ti ìlú rẹ̀ náà wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkópa àwùjọ ló kù. Àwùjọ, ìjókòó ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, àwùjọ ni yín, ẹ ó sì tú ká lálẹ́. Ibi tí à ń gbé ni àdúgbò, ẹ jẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Kópa ti di ọ̀rọ̀ orí rédíò, mi ò lágbára láti lé e síta mọ́. Àmọ́ kó ipa ni ẹ ń wí, àbí kó pa? Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹnìkan ní ká lo ìlọ́wọ́sí dípò rẹ̀, kó dé tésàn ọlọ́pàá kó gbọ́ bí wọ́n ti ń béèrè pé "ta ló lọ́wọ́ sí i?" kó tó fi ọ̀rọ̀ yẹn pe aládùúgbò wá sí ìpàdé. Àjọṣe wà ńlẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Àjọkọ́ àlàáfíà, àjọṣe ọgbà àti àdúgbò. Ó tán.

Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Jámánì ló mú mi bínú jù, òun tó ní kí a má fi àmì ohùn sórí báńà, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n láti inú gbólóhùn, àti pé àmì máa ń ba ojú báńà jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kó ipa bá wà lórí báńà, IPA lásán ni wọ́n á kọ síbẹ̀ nígbà náà. Ipa ni, àbí ipá, àbí ìpá tí wọ́n ń gé lọ́sibítù? Ipá kì í ṣe eré nínú ọgbà yẹn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1971, ọta ìbọn ọlọ́pàá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjù, nígbà ìwọ́de. Ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Iwájú ilé yẹn ni àbúrò wa ní àwọn máa gbé báńà kan sí, níbi tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ti mọ ohun tí ipá ṣe, ẹ wá ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ láìlámì kí ojú báńà lè mọ́. Fóònù tí ẹ fi ń kọ̀wé sí wa ní àmì, ẹ ò kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni.

Àti pé, láti ìgbà tí ẹ ti ń kọ̀wé síbí, mi ò gbọ́ ohùn yín rí. Ẹ ka "ipa", "ipá" àti "ìpá" sínú fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Tí mo bá gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ṣetán láti bá yín jiyàn lórí báńà.