Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń kọ lálẹ́, ẹsẹ̀ mi sì ti ń wú: ṣé kí n pa á tì ni?

Akọ̀wé Aládìrẹ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sójú kan fọwọ́ ṣe nǹkan.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Òkè-Mọ́sàn, ìdí fáìlì ni mo wà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orí àga ni. Tí mo bá délé, tí àwọn ọmọ ti jẹun, màá gbé àpótí mi, màá tẹ́ aṣọ funfun sórí pákó, màá bu ẹ̀kọ láfún sínú abọ́, màá mú ìyẹ́ adìẹ, ó di àdìrẹ kíkọ; ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí ẹnì kan bá rí i tó wù ú, mo lè tà á fún un, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló gbé mi débẹ̀. Ìbàdàndùn, ọ̀kan lára àwọn bátànì àdìrẹ, ni mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yẹn á mọ̀ pé àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ìlú Ìbàdàn tí a ń yà sínú rẹ̀ nìkan tó láti gba odidi alẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Bí mo bá ti jókòó sí i, n kì í mọ ìgbà tí aago mọ́kànlá ń lù.

Láti bí oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ mi máa ń wú lálẹ́. Tó bá di àárọ̀, á ti fà. Ọrùn àti èjìká ọ̀tún ń ro mí. Lóru, ìka ọwọ́ ọ̀tún mi á kú, màá jí, màá máa gbọn ọwọ́ títí yóò fi yè. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ìfúnpá mi, ó jẹ́ 150/96. Dókítà ní kí n padà wá kí wọ́n tún un wọ̀n, kí n dín ìjókòó kù, kí n sì máa ṣe eré ìdárayá. Àwọn tó ń dúró dè é pọ̀, kò ráàyè ṣàlàyé bí mo ṣe máa ṣe é.

Ọkọ mi ní kí n kúkú pa àdìrẹ tì. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú ìyá rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí n kò fọwọ́ kan ìyẹ́, ọkàn mi kì í balẹ̀, oorun mi kì í já geere. Ẹni ọdún 47 ni mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣe rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Bàbá Ìbejì

Màdáámù, ọkọ yín sọ òótọ́. Ẹ pa á tì fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ wo bí ara ṣe máa rí. Aṣọ náà kò ní sá lọ. Ara ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ tọ́jú.

Ahunwúù (Peckham, London)

Ẹ má bínú sí mi o, Bàbá Ìbejì, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá pa àdìrẹ tì lónìí, iwájú tẹlifíṣọ̀n ló máa jókòó sí lọ́la. Ìjókòó náà ni, ayọ̀ inú rẹ̀ nìkan ló máa yọ kúrò.

Àǹtí mi, kroṣé lèmi ń hun, ìka tèmi náà kú bẹ́ẹ̀ rí. Nǹkan méjì ló ràn mí lọ́wọ́. Ọrùn ọwọ́ mi máa ń ká kò tí mo bá sùn, wọ́n wá fún mi ní nǹkan tí mò ń dè mọ́ ọn lóru kó lè nà gbalaja. Ìkejì, mo fi aṣọ wé ìdí ìkọ́ ìhunṣọ mi kó lè sanra. Nǹkan tó bá tín-ínrín jù, fífún lèèyàn máa ń fún un mọ́ ọwọ́, gbogbo iṣan apá á le. Ìyẹ́ adìẹ sì tín-ínrín ju ìkọ́ mi lọ dáadáa. Ẹ wé e.

Ṣé ẹ ti ní awò ìkàwé? Lẹ́yìn ogójì ọdún, ohun tó sún mọ́ni kì í hàn kedere mọ́. Èèyàn á wá máa tẹrí ba títí imú á fi fẹ́ẹ̀ kan aṣọ. Bóyá ibẹ̀ ni ọrùn ríro yẹn ti wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àbúrò mi, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹsẹ̀ kan ló ń wú ni àbí méjèèjì? Ìka wo gan-an ló ń kú? Ṣé èémí yín máa ń há tí ẹ bá gun òkè tàbí tí ẹ bá dùbúlẹ̀? Ṣé wọ́n ti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín?

Akọ̀wé Aládìrẹ

Ẹ ṣé mà. Méjèèjì ni, wọ́n sì dọ́gba. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ló ń kú. Èémí mi dáa. Ṣúgà, wọn ò tíì wò ó.

Ahunwúù, mo dúpẹ́. N kò ní awò. Ọ̀rọ̀ imú tó fẹ́ẹ̀ kan aṣọ yẹn, èmi gan-an ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ó dáa. Mo ti fẹ̀yìn tì, n kò sì lè gba ipò dókítà yín láti ìhín, ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí kò ráàyè sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló máa ń tì í gòkè padà nígbàkúùgbà tí a bá gbẹ́sẹ̀. Ẹni tó jókòó láti àárọ̀ ní ọ́fíìsì, tó tún wá jókòó sórí àpótí kúkurú lálẹ́, tí orúnkún rẹ̀ ká kò, ẹran yẹn ò rí iṣẹ́ ṣe, omi á jọ sí kókósẹ̀. Tí ẹ bá ń dìde ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, tí ẹ rìn dé ẹ̀yìnkùlé, tí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè sódò bí ogún ìgbà, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Ẹ máa mu omi náà. Mo ti tọ́jú àwọn télọ̀ tí kì í fẹnu kan omi láti àárọ̀ nítorí wọn ò fẹ́ dìde lọ tọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má gbà pé ìjókòó nìkan ló fà á. Ọkàn tàbí kíndìnrín tó ń ṣàárẹ̀ lè mú ẹsẹ̀ méjèèjì wú. Ẹ ní kí wọ́n bá yín yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, tó gbóná, tó ń dùn yín, tàbí tí àyà ń dùn yín, tí èémí ń há lójijì, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan, bó bá ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn.

Àwọn ìka tí ẹ dárúkọ, iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń sìn wọ́n, ó sì gba inú ọrùn ọwọ́ kọjá. Ohun tí Ahunwúù sọ dára. Àtọ̀gbẹ náà máa ń ba irú iṣan bẹ́ẹ̀ jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè ṣúgà. Ẹ lọ ṣe é láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Tó bá tó 126 mg/dL tàbí tó lé, wọ́n á tún un ṣe kó lè dá wọn lójú.

Ti ìfúnpá: láti 140/90 lọ sókè la ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n a kì í fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan dájọ́. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó so ó mọ́ yín lápá, ẹ má sì sọ̀rọ̀ lásìkò náà. Iyọ̀ gbogbo tí ẹ ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ, Maggi àti irú tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró torí pé ara yá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé àgbàlagbà nílò ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ wà, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kún ibẹ̀. Ẹ máa sọ̀ nínú ọkọ̀ kí ẹ tó délé, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ìyá Aláró (Ìtòkú)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan ni tèmi: ta ló ń bá ọ rẹ aṣọ yẹn?

Akọ̀wé Aládìrẹ

Ẹ kú àgbà mà. Àwọn ọmọ kan ní Ìtòkú ni mò ń gbé e fún. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ náà, mo máa ń ra èyí tí wọ́n ti sè.

Ìyá Aláró (Ìtòkú)

Mo ti fura bẹ́ẹ̀. Ibi ìjókòó nínú iṣẹ́ yìí nìkan lo mú, o gbé gbogbo ìdúró rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí a ń ṣe é lọ́dọ̀ ìyá mi, a ò ráàyè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo máa po láfún, wàá dúró tì í nídìí iná, wàá máa rò ó kó má baà dì, wàá fi álọ́ọ̀mù sí i, wàá sẹ́ ẹ. Tó o bá kọ apá kan, o ò lè gbé apá lé e nígbà tó ṣì tutù. O máa dìde ni, kí o lọ wo iná, kí o lọ pọnmi. Tí kíkọ bá parí, wàá gbé e lọ sá sóòrùn. Lẹ́yìn náà ló kan aró. Aṣọ kì í wọ aró lẹ́ẹ̀kan. Wàá rì í bọ̀ ọ́, wàá fà á yọ, wàá nà á sáfẹ́fẹ́, á jáde bí àwọ̀ ewé, wàá dúró máa wò ó títí á fi dúdú, wàá tún rì í bọ̀ ọ́. Ó kù ká ha ẹ̀kọ, ká ṣan aṣọ, ká lù ú. Bí àárẹ̀ bá mú wa, gbogbo ara ló ń mú, kì í ṣe ọrùn àti ọwọ́ ọ̀tún nìkan.

N ò ní kí o máa ṣe gbogbo rẹ̀. O ní iṣẹ́ ìjọba, o ní ọmọ. Ṣùgbọ́n gba ẹ̀kọ sísè padà sọ́wọ́ rẹ. Aṣọ sísá, gbà á padà. Ìyẹn nìkan á máa gbé ọ dìde.

Àpótí kúkurú yẹn, gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wá tábìlì tó ga dé ìgbáròkó rẹ, tẹ́ aṣọ lé e, kí o máa kọ àwọn ìlà gígùn ní ìdúró. Tó bá kan ẹyẹ àti ṣíbí tó fẹ́ ìfarabalẹ̀, nígbà náà ni kí o jókòó. Ìbàdàndùn sì fẹ́ ojú ọ̀sán. Àárọ̀ Sátidé lo yẹ kó o máa kọ ọ́. Alẹ́, mú aṣọ kékeré, ìborùn tàbí gèlè, tó bá ti di aago mẹ́sàn-án kí o bo abọ́ ẹ̀kọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Màmá, ẹ ṣeun gan-an, èyí ju ohun tí mo sọ lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi kiní kan kún un: tó bá fẹ́ máa rẹ aṣọ fúnra rẹ̀, sódà tí wọ́n ń po mọ́ aró ayé òde òní máa ń bó awọ ara, ó lè fọ́ni lójú. Kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá, kó ṣe é níta. Aṣọ tó mu omi wúwo. Èjìká rẹ̀ tó ń ro kò lè dá gbé e, èèyàn méjì ni kó máa gbé e.

Ìyá Aláró (Ìtòkú)

Òótọ́ ni. Èlú àti omi eérú ni tèmi, ìyẹn náà ń jẹ ọwọ́. Kó mú ìbọ̀wọ́ wá.

Bàbá Ìbejì

Mo ti gbọ́. Mo gbà pé kó máa kọ ọ́, tó bá lè tẹ̀ lé ohun tí Màmá sọ. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ná, kó tó di pé ó pààrọ̀ tábìlì.

Akọ̀wé Aládìrẹ

Sà, màá ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́ńdè ni màá lọ fún ṣúgà àti ìtọ̀, màá tún jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá. Mo ka gbogbo èyí sí ọkọ mi létí. Ó ní tábìlì tó wà ní gáréèjì ga tó, òun á nu ún fún mi. Ó tún ní tó bá jẹ́ aṣọ gbígbé ni, òun ni ẹnì kejì.

Màmá, ṣé mo lè wá lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ kọ́ mi ní ẹ̀kọ sísè? Tí mo bá dá a sè, kókó ló máa ń ní.

Ìyá Aláró (Ìtòkú)

Máa bọ̀. Kí oòrùn tó mú ni kó o ti dé. Ra láfún tó funfun, tí kò ní iyanrìn, mú asẹ́ tó kúnná lọ́wọ́. Má gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà mi o, láti Ìtòkú lápá ọjà ni kó o ti fẹsẹ̀ rìn.