Yanrìn títẹ̀ kì í ṣe “Ifá yanrìn”

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Orúkọ méjì ló ti wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ tí Lárúbáwá ń pè ní raml, ìyẹn àyẹ̀wò tí ààfáà ń fi àmì orí yanrìn ṣe: “ìwoyanrìn” àti “Ifá yanrìn”. Mi ò fara mọ́ ìkankan. Yanrìn títẹ̀ ni àwọn àgbà ń pè é, ó sì tó.

Kò sẹ́ni tó ń wo yanrìn. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni. Haúsá ní “bugun ƙasa”, ìyẹn lílu ilẹ̀. Núpé, aládùúgbò wa, ní “hati”, látinú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí ìlà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí.

“Ifá yanrìn” ló lè ṣi èèyàn lọ́nà jù, torí ìṣirò wọn yàtọ̀. Ikin (èkùrọ́ Ifá) 16 ni babaláwo ń gbá mú. Bó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́ òsì, ìlà méjì ló máa tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bó bá ku méjì, ìlà kan. Bó bá ku mẹ́ta tàbí tí kò ku rárá, kò kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kí odù kan tó pé. Ààfáà ní tiẹ̀ á fi ìka tẹ àmì ní ọ̀wọ́ 16 láìka iye wọn, á wá máa pa àmì ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan rẹ́ ní méjì-méjì. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ẹyọ kan náà ló máa kọ. Bí méjì bá ṣẹ́kù, méjì. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni àwòrán kan. Ọ̀wọ́ 16 á wá di àwòrán mẹ́rin, àwọn ni ìyá.

Ibi tí “ọmọ” ti ń da nǹkan rú nìyí. Àmúlù 240 ni ọmọ odù nínú Ifá, ìyẹn méjì tó yàtọ̀ síra nínú ojú odù 16, tó dúró ti ara wọn. Nínú yanrìn, àmì òkè pátápátá lára ìyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń tò jọ di ọmọ kìíní, àmì kejì wọn di ọmọ kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹrin. Banat ni Lárúbáwá pè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ “ọmọbìnrin”, ká fi “ọmọ” sílẹ̀ fún odù.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ro àwòrán méjì-méjì pọ̀, àmì sí àmì: bí àròpọ̀ bá jẹ́ mẹ́ta, wọ́n á kọ ẹyọ kan, bó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, wọ́n á kọ méjì. Ìyá àti ọmọbìnrin, mẹ́jọ, á bí mẹ́rin, mẹ́rin á bí méjì, méjì á bí ẹyọ kan, ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá ní ká pe ìkẹẹ̀ẹ́dógún yìí ní “Adájọ́” ń tẹ̀ lé àwọn ará Yúróòpù. Mizan ni Lárúbáwá ń pè é, òṣùwọ̀n, mo sì fara mọ́ Òṣùwọ̀n gidigidi, torí òun ló ń wọn ìṣirò wò. Iye àmì inú ìyá àti ti ọmọbìnrin dọ́gba, nítorí náà bẹ́ ẹ bá pín iye àmì Òṣùwọ̀n ní méjì-méjì, kò lè ṣẹ́ku ọ̀kan láé. Mẹ́jọ péré nínú àwòrán 16 ló lè bọ́ síbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ẹyọ kan lókè, méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta nísàlẹ̀, àmì méje nìyẹn: ẹ ti ṣi í rò, ẹ padà sí ìdí rẹ̀. Ọ̀bàrà gan-an nìyẹn lójú ọpọ́n, babaláwo kan ò sì ní pa á rẹ́.