Láti amúlétutù bọ́ sí heat pump ní ìlú ọba: ibo ni owó wà níbẹ̀?

Amúlétutù Leeds:

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ fíríìjì àti amúlétutù ni mo kọ́ nílé kí n tó wá síbí. Ìwé Level 2 plumbing wà lọ́wọ́ mi, páìpù àti rádíétọ̀ ni mò ń ṣe lábẹ́ ọ̀gá kan. Mo fẹ́ bọ́ sídìí heat pump, ẹ̀rọ tó ń fi iná mú ilé móoru, nítorí £7,500 tí ìjọba ń bá onílé san tó bá yọ bọ́ílà gáàsì tó sì fi í rọ́pò. Ṣé ìwé tí mo gbà ní Nàìjíríà wúlò níbí? Ṣé kí n dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ni àbí kí n fara ti ẹlòmíì? Ibo gan-an ni èrè wà? Àwọn kan ní owó ńlá ni, àwọn kan ní gbèsè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọ̀gá Onípáìpù:

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Amúlétutù tí wọ́n yí ojú rẹ̀ padà ni heat pump. Èyí tó ń fa ooru inú yàrá jù síta tẹ́lẹ̀ ló wá ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ṣùgbọ́n ibi tí o mọ̀ jù nínú ẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wà. Monobloc ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé sára ilé níbí: inú ẹ̀rọ tó wà níta ni gáàsì rẹ̀ ti wà ní dídì pa láti ilé-iṣẹ́, omi nìkan ló ń wọlé. O ò ní fi géèjì kàn án rárá. Tó bá jẹ́ split, tí páìpù gáàsì rẹ̀ ń wọ inú ilé, wọ́n á bi ọ́ ní ìwé F-gas, ìyẹn ìwé àṣẹ láti fọwọ́ kan gáàsì inú ẹ̀rọ, èyí tí o gbà nílé kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìdánwò F-gas 2079 Category 1 ti ìlú yìí ni wàá ṣe.

Àwọn tuntun ń lo R290, ìyẹn propane. Ìpalára rẹ̀ fún ojú ọjọ́ kéré jọjọ: 3 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nígbà tí ti àwọn gáàsì míì, R32, jẹ́ 675, tí R410A sì jẹ́ 2,088. Ṣùgbọ́n ó ń gbiná, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ gbà. Ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ̀rọ fi ń pààlà yí i ká: ẹnu gọ́tà, fèrèsé tó ń ṣí àti ihò afẹ́fẹ́ abẹ́ ilé kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ààlà náà. Ka ibẹ̀ kí o tó lu ògiri.

Omi ló máa ń da ẹlẹ́rọ amúlétutù láàmú. Wo rádíétọ̀ tí wọ́n kọ 1,600 W sí lára. Ìwọ̀n yẹn dúró lórí pé ooru rẹ̀ fi 50°C ju ti yàrá lọ. Heat pump rẹ yóò máa ran omi jáde ní 45°C, yóò padà ní 40°C, yàrá wà ní 20°C. Ìpíndọ́gba omi jẹ́ 42.5°C, ìyàtọ̀ tó kù sí yàrá jẹ́ 22.5, rádíétọ̀ yẹn kò ní fún ọ ju nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn bíi 566 W. Bí yàrá bá nílò 900 W nígbà òtútù, rádíétọ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ pé 2,540 W ni wàá rà. Bí o bá ti omi sókè sí 50°C, tí ó ń padà ní 45°C, 1,600 W yẹn á fún ọ ní nǹkan bí 736. Kò tíì tó síbẹ̀, owó iná sì ti ga.

Páìpù náà ńkọ́? Bọ́ílà máa ń ju 20°C sílẹ̀ láàrin omi tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, heat pump kì í ju bíi 5°C lọ. Fún 8 kW, bọ́ílà kò nílò tó lítà mẹ́fà omi ní ìṣẹ́jú kan, heat pump nílò nǹkan bí 23. Bí o bá ti ìyẹn gba 22 mm láti ìta, páìpù á máa hó, pọ́ńpù á máa jẹ iná. 28 mm ni kí o fi wọlé.

Èyí tó burú jù ni kí o wo bọ́ílà 24 kW lára ògiri kí o sì lọ ra heat pump tó súnmọ́ ọn. Omi ìwẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gbóná lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣe fi 24 sí bọ́ílà. Ilé náà fúnra rẹ̀ lè má nílò ju 6 lọ. Tó bá tóbi jù, á máa tàn á máa kú, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ò ní pẹ́. Ṣírò ooru tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń pàdánù, ògiri, fèrèsé, àjà, ilẹ̀, bí BS EN 12831 ṣe là á sílẹ̀. Ẹni tó mọ ìṣirò yìí ni wọ́n ń wá kiri. Àwọn tó lè gbé àpótí kọ́ pọ̀.

Ìyá Oníwèé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti owó. Boiler Upgrade Scheme ni orúkọ £7,500 yẹn, England àti Wales ló wà fún. Ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀, £5,000 ni wọ́n ń san fún ti afẹ́fẹ́ nígbà yẹn, oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n gbé e sí £7,500. Scotland ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, Home Energy Scotland, nítorí náà ẹ má lọ ṣèlérí BUS fún ará Glasgow.

Onílé kọ́ ló ń béèrè owó yìí lọ́wọ́ Ofgem, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ni, kìkì bí ẹ bá ní MCS, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ kúnjú ìwọ̀n láti tò ó. Ẹ ó yọ ọ́ kúrò nínú owó tí oníbàárà máa san, Ofgem á sì san án fún yín lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ibi tí gbèsè ti ń wọlé nìyí. Ká ní iṣẹ́ jẹ́ £12,800: £5,300 ni oníbàárà máa san, £7,500 ṣì wà níta, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ta ẹ̀rọ àti sílíńdà omi gbígbóná fún yín ń retí owó rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ti di £22,500 lóde. Bí ẹ ò bá ní owó ìdúró tàbí àwìn gidi, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé lè pa yín.

Oṣù mẹ́ta ni fáúṣà ti heat pump afẹ́fẹ́, ìyẹn ìwé tí Ofgem fi fọwọ́ sí owó náà, fi ń wúlò. Oníbàárà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún Ofgem lórí íméèlì. Bí íméèlì bá bọ́ sínú pàǹtírí tí kò sì dáhùn, ìbéèrè kú nìyẹn, ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ooru àti omi gbígbóná ilé, kó má ju 45 kW lọ, kí SCOP rẹ̀, ìyẹn ìlọ́po ooru tó ń mú jáde lórí iná tó ń jẹ láàrin ọdún, má sì wálẹ̀ ju 2.8. VAT orí iṣẹ́ náà jẹ́ òdo títí di 31 oṣù kẹta 2027.

Ní ti kọ́ńpìnnì: ẹ má ì tíì dá a sílẹ̀. Ẹ ṣe ìwé Level 3 ti heat pump, ẹ ṣe G3 fún sílíńdà, ẹ ṣe ti ètò tó ń fi omi tí kò gbóná jù mú ilé móoru, èyí tí wọ́n ń pè ní low temperature heating. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan á ní Level 2 yín kò tó. England ti ń fi £500 ran àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣì ṣí kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ agboorùn ẹni tó ní MCS. Wọ́n á yẹ ìṣirò yín wò, wọ́n á fi orúkọ wọn forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sì gba tiwọn lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka àdéhùn: ta ni oníbàárà bá ṣàdéhùn, ta ló máa padà lọ tún un ṣe lọ́dún kejì?

Bí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún CIS, ètò tí wọ́n fi ń yọ owó orí lára owó àwọn alágbàṣe iṣẹ́ ilé. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀, 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ, ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, 30. Owó iṣẹ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ lára, kì í ṣe owó ọjà, nítorí náà ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé owó yín. Kí físà yín gbà yín láàyè láti dá iṣẹ́ ṣe náà ni o.

Oníwáyà:

Kúkúrú ni tèmi. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní iye, ẹ ṣí ibi mítà iná. Ilé àtijọ́ míì ń pín wáyà kan náà pẹ̀lú ilé kejì, ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò ló máa tú u, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ wo fíúsì ńlá, bóyá 60 ni àbí 100. Heat pump gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti pákó iná àti súìṣì tó ń gé iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níta. Ẹ sì má fọwọ́ kan páìpù gáàsì bọ́ílà tí ẹ fẹ́ yọ: ẹni tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Gas Safe ló ń dí i.

Amúlétutù Leeds:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Tí oníbàárà bá ní owó iná wọ́n ju ti gáàsì lọ ńkọ́?

Ọ̀gá Onípáìpù:

Òótọ́ ló sọ, má jà á níyàn. Ká ní ẹyọ (kWh) iná kan jẹ́ pẹ́ńsì 26, ti gáàsì pẹ́ńsì 6.5. Bọ́ílà tó ń ṣe 88 nínú ọgọ́rùn-ún ń ta ẹyọ ooru kan ní pẹ́ńsì 7.4. Heat pump tí SCOP rẹ̀ jẹ́ 2.8 ń tà á ní 9.3. Tó bá jẹ́ 3.5, ọ̀mì ni. Tó bá jẹ́ 4, ó di 6.5. Bí kò bá sí sítóòfù gáàsì mọ́, tí wọ́n wá gbé mítà gáàsì lọ, owó ojoojúmọ́ tó ń lọ lórí rẹ̀ dúró, ó lé ní £100 lọ́dún.

Ọwọ́ ìwọ tí o tò ó ni 2.8 tàbí 4 wà. Ohun tó ń fà á wálẹ̀ rè é: Omi tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 55°C látọjọ́ tí wọ́n tàn án. Ìṣètò tó ń wo òtútù ìta dín ooru omi kù, tí wọn ò ṣí. Táǹkì ìdádúró ẹlẹ́nu mẹ́rin tó ń po omi gbígbóná mọ́ èyí tó ń padà. Fáàfù orí rádíétọ̀ tí oníbàárà ń tì yàrá pa kiri, tí omi ò wá rí ibi tó máa gbà. Sílíńdà àtijọ́ tí páìpù wíwé inú rẹ̀ tó ń gbé ooru fún omi kò fẹ̀ tó: nǹkan bíi 3 m² ló ń fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná mànàmáná ni yóò máa se omi ìwẹ̀. Ẹni tó bá lè wọ ilé tí wọ́n ti ṣe báyìí, kó tún un tò láìpààrọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ohun kan tún wà tó máa ń mú oníbàárà pè ọ́ láàárọ̀ kùtù. Bí òtútù bá mú, yìnyín á bo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, á sì yọ́ ọ fúnra rẹ̀. Fáànù á dúró, èéfín omi funfun á ru gùdù bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò àmàlà, wọ́n á ní iná ti ń jó. Sọ fún wọn ṣáájú. Omi yìnyín yẹn pọ̀ ní lítà, tó bá ṣàn sójú ọ̀nà, ó ti di dígí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń pín lẹ́tà ló máa kọ́kọ́ ṣubú. Gbẹ́ ihò sábẹ́ ẹ̀rọ, fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un.

Ìyá Oníwèé:

Lọ́dún 2020, ìjọba ní àwọn ń fojú sun 600,000 heat pump lọ́dún tó bá di 2028. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìjọba ra ọkọ̀ iṣẹ́ o.

Amúlétutù Leeds:

Ẹ̀rín pa mí, Màmá. Ìbéèrè kan kù: páìpù 10 mm ló wà nínú ògiri ilé púpọ̀ níbí. Ṣé ká tú gbogbo rẹ̀ ni?

Ọ̀gá Onípáìpù:

Má tú u kí o tó ṣírò. 10 mm kan lè gbé nǹkan bí 850 W ní ìyàtọ̀ 5°C kó tó bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Bí rádíétọ̀ kọ̀ọ̀kan bá wà lábẹ́ ìyẹn, tí 22 tàbí 28 sì dé ibi tí wọ́n ti pín in, fi í sílẹ̀. Yàrá 900 W tí mo sọ lókè wà lẹ́nu ààlà, pín in sí rádíétọ̀ méjì, kí kálukú ní 10 mm tirẹ̀. Tó bá jẹ́ 8 mm lo bá níbẹ̀, kò gbé ju nǹkan bí 500 W. Ìyẹn, tú u.