Àbúrò mi fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ìwádìí àwòrán 3D ní Jámánì

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí másítà kọ̀ǹpútà ní OAU. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe computer graphics àti geometric modelling (fífi kọ̀ǹpútà ya àwòrán, àti fífi ìṣirò ṣàpèjúwe ìrísí nǹkan) ló wù ú fún PhD. Ṣé owó ilé ìwé ni kí n máa tọ́jú?

Ọmọ Mọ̀ọ̀rè (Jámánì): Ẹ kú àníyàn, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ni PhD jẹ́ fún ọ̀pọ̀ níbí, owó oṣù ni wọ́n ń gbà. Owó kọ́ ló le, bí ọ̀jọ̀gbọ́n yóò ṣe dáhùn ni. Ẹ má jẹ́ kó fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Kó ka iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà ti tẹ̀ jáde, kó sì fi ohun kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe hàn wọ́n. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ṣáà wà ńlé! Kó gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀, kó ya fọ́tò yí i ká lọ́jọ́ tí oòrùn ò mú, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gba díẹ̀ lára èyí tó ṣáájú rẹ̀. Software kan tó ń jẹ́ Meshroom á fi wọ́n kọ́ àwòrán 3D, òmíràn tó ń jẹ́ MeshLab á tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ará Ìlódè (Kánádà): Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ Meshroom ń fẹ́ káàdì àwòrán NVIDIA nínú kọ̀ǹpútà kó tó ṣe é dáadáa. Kó wá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yá. Kó sì gbé ohun tó ti wọn gígùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, torí fọ́tò lásán ò mọ̀ bóyá ó ju mítà márùn-ún lọ tàbí ó tó ìka ọwọ́. Orí òkúta yẹn ò ní hàn láti ilẹ̀, ihò ló máa wà níbẹ̀ nínú àwòrán 3D náà. Kó má fi MeshLab dí i kó wá dákẹ́ o, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rí i. Wọ́n á wò ó!

Ọmọ Mọ̀ọ̀rè (Jámánì): Ará Ìlódè, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bó bá dúró síbẹ̀, software ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe òun. Kó fi ìlà Bézier, ìyẹn ìlà títẹ̀ tí ojúàmì mélòó kan ń darí, tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, kó fúnra rẹ̀ kọ kóòdù rẹ̀. Ọ̀nà tí de Casteljau, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbà ṣe é ní Citroën, ilé iṣẹ́ ọkọ̀, lọ́dún 1959 ò ju ìlà kóòdù mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà, kó wọn ibi tí ìlà náà ti yà kúrò lára òkúta, àti bó ṣe yà tó. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni èmi á kọ́kọ́ wá.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní ṣé kóun há fáìlì náà mọ́ lẹ́tà?

Ará Ìlódè (Kánádà): Rárá o! Fáìlì 3D wúwo. Fọ́tò kan, líǹkì kan, ó tó. Kó sì ti lọ bẹ̀rẹ̀ transcript báyìí.