Lórí “ìfẹ́ ayípadà”, àti ìdí tí mo fi dábàá “àkẹ́dènìyàn”

Ẹ̀yin olùkọ́ mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a gbé síwájú wa kò ṣòro láti tún sọ. Olùkọ́ Yorùbá kan ní Mọ́kọ́lá, níhìn-ín ní Ìbàdàn, ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí tí wọ́n jọ wà ní àdúgbò kan náà, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìfẹ́ tí ó máa ń sọ ènìyàn di ẹni rere tí kò jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ìgbéyàwó, nínú ọmọ títọ́, tàbí láàárín ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó dáhùn dábàá “ìfẹ́ ayípadà”. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní “ìfẹ́ asọnidọ̀tun” ni ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹlòmíràn ní kí a jẹ́ kí “ìfẹ́” nìkan máa ṣe iṣẹ́ náà lọ. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí n tó gbé tèmi kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú “ìfẹ́ ayípadà” kúrò nílẹ̀, nítorí àṣìṣe inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. “Yí padà” lè dá dúró láìgba àbọ̀: ojú ọjọ́ yí padà, ìwà ọmọ náà yí padà. Bí a bá wá fi “a-” ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ orúkọ láti ara rẹ̀ láìfi àbọ̀ sí i, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń yí padà ni a ní lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń pe Ọlọ́run ní Aláìyípadà. “Ìfẹ́ ayípadà” ni ìfẹ́ tí ó gbóná lónìí tí ó sì tutù lọ́la, èyí tí ó jẹ́ òdì kejì ohun tí olùkọ́ náà ń wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìfẹ́ náà yí ẹlòmíràn padà gbọ́dọ̀ fi “ni” há a láàárín, bí a ti fi há “amúnisìn” àti “atọ́nisọ́nà”, kí ó di “ayínipadà”. Síbẹ̀, gírámà rẹ̀ tọ́ tán, ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì tó. Owó a máa yíni padà, oyè a máa yíni padà, ẹgbẹ́ búburú pàápàá a máa yíni padà, ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ apá ibi tí ó yíni sí.

Ní ti “asọnidọ̀tun”, n kò ní ẹjọ́ púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ó sì bá òfin èdè mu. Ohun tí mo rí sí i ni pé ohun tí ó dọ̀tun ti pa àtijọ́ rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ tí à ń wí yìí kì í pa ẹni tí ó bá lọ́wọ́ rẹ́. Ọkọ tí aya rẹ̀ fi sùúrù bá gbé títí tí ó fi jáwọ́ nínú ìbínú fùfù ṣì ni ọkọ náà, ohùn rẹ̀ kò yí, orúkọ rẹ̀ kò yí, àwọn ará ilé rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni “ìfẹ́” fúnra rẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni “fẹ́”, “fẹ́” sì kọ́kọ́ ń sọ ohun tí ọkàn ń wá: mo fẹ́ omi, mo fẹ́ lọ sí Dùgbẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó. Nítorí náà ni “ìfẹ́ Ọlọ́run” fi ní ìtumọ̀ méjì nínú Bíbélì wa. Ìwé Róòmù wà lára ohun tí Samuel Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Yorùbá ní 1850, kí odindi Bíbélì tó jáde ní 1884. Nínú ìwé kan ṣoṣo yìí, orí kẹjọ sọ pé kò sí ohun tí ó lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run, orí kejìlá sì ní kí onígbàgbọ́ paradà, kí ó lè rí ìdí ìfẹ́ Ọlọ́run, èyí tí ó dára. Èkíní jẹ́ ojú rere Ọlọ́run sí wa, èkejì jẹ́ ohun tí Ó pinnu pé kí a ṣe. Àdúrà Olúwa náà ní “Ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe”, gbogbo wa sì mọ̀ pé ohun tí Ó pinnu ni à ń wí níbẹ̀. N kò sọ èyí láti fi bẹnu àtẹ́ lu àwọn ògbufọ̀ wa, nítorí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ó sì lè jẹ́ pé ẹwà wà nínú kí ọ̀rọ̀ kan náà dúró fún ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́ àti bí Ó ti fẹ́ wa tó. Mo kàn ń tọ́ka sí i pé “fẹ́” ń gbé inú ẹni tí ó fẹ́ni. Ó lè máa jó nínú ọkàn rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, kí ẹni tí a fẹ́ má sì mọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ni.

Ẹ wá fi “kẹ́” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kì í kẹ́ni ní ìkọ̀kọ̀ ọkàn. Ẹni tí a ń kẹ́ mọ̀ pé a ń kẹ́ òun, nítorí ìkẹ́ wà nínú oúnjẹ tí a gbé sílẹ̀ dè é, nínú ohùn tí a fi pè é, nínú oríkì tí ìyá àgbà fi ń kì í ní òwúrọ̀ tí ó kúnlẹ̀ kí i, tí orí rẹ̀ fi wú. “Fẹ́” lè dópin sí inú ẹni tí ó ní in, ṣùgbọ́n “kẹ́” gbọ́dọ̀ dé ara ẹlòmíràn kí a tó lè sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Bí olùkọ́ wa bá ń wá ìfẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, ibẹ̀ gan-an ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé “kẹ́” jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé àti ti ọmọ ọwọ́, kò sì lè gbé ohun tí ó jẹ mọ́ ti ẹ̀mí. Àwọn Mùsùlùmí wa ti dáhùn ìyẹn tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ń wá Yorùbá fún orúkọ Ọlọ́hun méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ Àlùkùránì, wọn kò lọ sí ọ̀dọ̀ “fẹ́” rárá, “Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run” ni wọ́n wí. Mo gbà pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìsìn mú kí a ṣẹ̀dá, díẹ̀ ni ó tó èyí: ní ayé, Ó ń kẹ́ gbogbo ẹ̀dá pọ̀, olóòótọ́ àti aláìgbàgbọ́, òjò kan náà ni Ó ń rọ̀ fún wọn, ní ọ̀run, Ó ń ṣa àwọn tirẹ̀ kẹ́. Tí wọ́n bá dárúkọ Ànábì, wọn a ní kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a. Àwa Kìrìsìtẹ́nì náà ń sọ ọmọ ní Olúwakẹ́mi, àwọn oníṣẹ̀ṣe sì ń sọ tiwọn ní Ifákẹ́mi. Ní Ìbàdàn yìí, tí agbo ilé kan ṣoṣo lè ní ìmáàmù, bàbá ìjọ àti babaláwo tí wọ́n jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ti ń lò fún Ẹlẹ́dàá wọn kò gbọ́dọ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó wúwo ju èyí lọ. Arábìnrin kan láàárín wa kọ̀wé pé “kẹ́” ti di ti obìnrin: Olúfẹ́mi ni à ń sọ ọmọkùnrin, Olúkẹ́mi ni à ń sọ ọmọbìnrin. Òótọ́ tí ó jinlẹ̀ ni ó sọ. Ẹ wo oríkì àbísọ. Ọmọbìnrin ni à ń pè ní Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a lè kẹ́. Òun ni Àdùkẹ́, tí tọ̀tún tòsì ń dù láti kẹ́. Òun náà ni Àjọkẹ́ àti Àṣàkẹ́. Ọmọkùnrin ni Àjàní, tí a jà kí a tó ní. Òun ni Àjàgbé, tí a jà kí a tó gbé. Láti ọjọ́ ìkómọjáde ni a ti pín ìkẹ́ sí apá kan, tí a sì pín ìjà sí apá kejì. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìdí nìyí gan-an tí ó fi yẹ kí a lo ọ̀rọ̀ náà. Bí Ọlọ́hun ọba tí gbogbo ọkùnrin ń forí balẹ̀ fún bá lè jẹ́ Àjọkẹ́, kò sí ìtìjú fún bàbá tí ó bá ń kẹ́ ọmọkùnrin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún ọmọkùnrin náà pé a kẹ́ òun. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ní kíláàsì tí kò sí ohun tí wọ́n ṣàìní ju ìkẹ́ lọ, tí ojú wọn sì máa ń là bí ẹnìkan bá pè wọ́n ní orúkọ wọn jẹ́jẹ́.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan nínú orúkọ wọ̀nyí. Nígbà tí Àjọkẹ́ bá jẹ́ oríkì ọmọbìnrin, òun ni a jọ kẹ́; nígbà tí ó bá jẹ́ orúkọ Ọlọ́hun, Òun ni ó ń kẹ́ni. Àfòmọ́ “à-” gba ẹni tí ó ṣe é àti ẹni tí a ṣe é fún láàyè nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Orí èyí ni mo kọ́ àbá mi lé.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó fi hàn pé ìkẹ́ a máa sọ ènìyàn di nǹkan mìíràn, ó kàn jẹ́ pé ti búburú ni a ti sọ lórúkọ: “àkẹ́bàjẹ́”. A kẹ́ ọmọ, ọmọ bàjẹ́. Ìlànà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó sì gbòòrò: a là á, ó yé, ó di “àlàyé”, a jẹ, a yó, ó di “àjẹyó”, a gba ọmọ, a tọ́ ọ, ó di “àgbàtọ́”. Iṣẹ́ ni ó ṣíwájú, èso iṣẹ́ ni ó tẹ̀ lé e. Bí èdè wa bá lè sọ ibi tí ìkẹ́ ti já sí ìbàjẹ́, ó yẹ kí ó lè sọ ibi tí ó ti já sí rere. Àbá mi ni “àkẹ́dènìyàn”: a kẹ́ ẹ, ó di ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó ń sọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí “di ènìyàn” jẹ́. Bí ìyá kan bá wo ọmọ rẹ̀ tí ó ní “o ti di ènìyàn”, kò sọ pé ẹranko ni tẹ́lẹ̀. Ó ń sọ pé ìwà rẹ̀, ọlá rẹ̀ àti ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹlòmíràn ti péye. Àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n fún wa ní “ìsọdorúkọ” ti la ọ̀nà fún irú “di” tí ó wà láàárín yìí, a kò dá ohun àjèjì sílẹ̀.

Wọn yóò bi mí pé èé ṣe tí mo fi ní kí “ni” wà nínú “ayínipadà”, tí n kò sì fi sínú tèmi. “A-” olóhùn àárín ń tọ́ka sí olùṣe, olùṣe sì nílò ẹni tí yóò ṣe é sí. “À-” olóhùn ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà lódindi, ìdí nìyẹn tí a kò fi ní “àlànìyé” tàbí “àgbànitọ́”. Yàtọ̀ sí gírámà, inú mi dùn sí i pé ọ̀rọ̀ náà kò sọ ta ni ó di ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú àìsàn ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ mọ̀ pé òun náà kò jáde bí òun ti wọlé.

Mo fẹ́ kí a fi ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kan dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ tí ó padà wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti 1968 sí 1971, bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ó wà ní Arò, Abẹ́òkúta. Dípò kí ó ti àwọn tí orí wọn dàrú mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ìbátan kan tẹ̀ lé ẹnìkọ̀ọ̀kan wá. Wọn a gba ìtọ́jú dókítà, wọn a sì padà sí agboolé tí a ti ń dáná, tí a ti ń dá oko, tí wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu ẹni tí kò bẹ̀rù wọn. Oògùn wà níbẹ̀, n kò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí abúlé náà fi kún oògùn, kí ni orúkọ rẹ̀? “Ìtọ́jú” kò kún un, nítorí ilé ìwòsàn lè dá ṣe ìtọ́jú láìsí abúlé. “Àánú” gbé ẹni tí ó ń ṣe é ga ju ẹni tí a ń ṣe é fún lọ. “Ìfẹ́” lè jẹ́ èrò ọkàn lásán. Bí mo bá ní àkẹ́dènìyàn ni àwọn ará abúlé náà ṣe fún wọn, mo rò pé kò sí ẹni tí yóò bi mí ní ìtumọ̀.

Ẹ̀rù tí ó kù ni pé kí a má baà rò pé ìkẹ́ yìí kò ní ìbáwí nínú. Ìfẹ́ tí kò lè sọ pé “rárá” ni ó ń bí àkẹ́bàjẹ́, ọwọ́ tí ó na ọmọ sì kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn, ọwọ́ tí ó fà á mọ́ra ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín “àkẹ́bàjẹ́” àti “àkẹ́dènìyàn” yóò wúlò fún àwọn ọ̀dọ́ tí olùkọ́ náà fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n á lè gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n sì bi ara wọn pé èwo ni àwọn ń ṣe.

Ìtumọ̀ tí mo kọ fún àyẹ̀wò yín ni èyí: “Àkẹ́dènìyàn: ìfẹ́ tí a fi ìṣe ojoojúmọ́ hàn sí ẹnìkan, láti ọwọ́ ènìyàn tàbí ti Ọlọ́run, títí ìwà àti iyì rẹ̀ fi pé.” Ẹni tí ó bá ń ṣe é ni “akẹ́nidènìyàn”. Ohun tí ó kù fún wa láti pinnu ni bí a ó ti kọ ọ́, nítorí “èèyàn” ni ọ̀pọ̀ wa ń sọ lẹ́nu ní Ìbàdàn, “àkẹ́dèèyàn” yóò sì yá wọn lẹ́nu jù. Fún ìwé, mo fara mọ́ “ènìyàn”. Bí ẹnikẹ́ni láti Ìbàràpá tàbí Òkè-Ògùn bá sì mọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń lò fún ohun yìí, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú gbólóhùn tí ó ti gbọ́ ọ, èmi yóò sì fi tèmi sílẹ̀ fún un.