"Èéfín ìràwọ̀" kọ́ ni gáàsì tó yí ìràwọ̀ tuntun ká

Ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ṣùgbọ́n mi ò lè gba "èéfín ìràwọ̀" tí ẹ fi pe gáàsì tó yí ìràwọ̀ tuntun ká. Ẹ ní gáàsì tí awò rédíò ALMA ń tọpa rẹ̀, kábọ̀n mọnọ́ksáídì, náà ló wà nínú èéfín èédú. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Iná èédú tó ti pọ́n dáadáa, èéfín ti tán lára rẹ̀. Síbẹ̀ ìyá wa àgbà ní Kétu kì í jẹ́ ká gbé e wọ yàrá ká tilẹ̀kùn, bí òjò ń rọ̀ bí òtútù ń mú. Kábọ̀n mọnọ́ksáídì tó ń pani níbẹ̀ kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ta ló pè é ní èéfín rí? Èéfín, ojú ń rí i, iná ló bí i. Níbi tó jìnnà sí ìràwọ̀ náà, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, kábọ̀n mọnọ́ksáídì á sì dì mọ́ eruku. Iná wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá a rìn. Èéfín a máa rú. Gáàsì ti ìràwọ̀ yìí ń yí po. Háídrójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ nínú òtútù yẹn kì í fọhùn. Kábọ̀n mọnọ́ksáídì díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń rán ìgbì rédíò wá, irú èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.3. Abọ́ 66 tí ALMA ní ló ń gbà á ní aṣálẹ̀ Atacama, ní Ṣílè, lórí òkè tó ga tó mítà 5,000. Ẹ̀gbẹ́ gáàsì tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ìgbì rẹ̀ á kúrú. Èyí tó ń lọ, tirẹ̀ á gùn sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya bó ṣe ń yí.

Agbo gáàsì ni mo fara mọ́, bí agbo ijó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi àmì sórí "a" yẹn, kó má di oògùn inú ìkòkò.

Àwòrán ọdún 2014 ti HL Tauri, ìràwọ̀ tuntun kan, tí ẹ fi ṣe ẹ̀rí ńkọ́? Eruku ni àwọn òrùka inú rẹ̀, kì í ṣe gáàsì.

Àbúrò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ tó ní ìràwọ̀ tó ti tó mílíọ̀nù ọdún kò ṣe é pè ní tuntun, Oòrùn wa ti lo bílíọ̀nù ọdún 4.6; ọmọdé ni mílíọ̀nù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní pe ìràwọ̀ tuntun ní "ọmọ ìràwọ̀", àfi tí ẹ bá fi ìyá rẹ̀ hàn mí.