Mo fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ láti máa dá ṣiṣẹ́ ìmọ̀ràn

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ń wá mi pé kí n bá wọn tún ìwé owó wọn tò, kí n sì máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí owó orí, èyí tí ó ń mú mi rò ó pé kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà lọ́rùn mi, ìyàwó mi sì ní kí n má kánjú. Kí ni ó yẹ kí n ṣe ná, báwo sì ni èèyàn ṣe ń mọ iye tí yóò bù fún oníbàárà?

Èsì kìíní
Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ. Ẹ má kàn fi iye ọjọ́ inú oṣù pín owó oṣù yín, kí ẹ sì pe ìyẹn ní owó iṣẹ́ òòjọ́. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, ìdá 8 nínú 100 ni wọ́n ń yọ nínú owó yín, ilé-iṣẹ́ sì ń fi 10 kún un. Ọjọ́ tí ẹ bá ti kúrò ni 10 yẹn dáwọ́ dúró, adójútòfò ìlera (HMO) tí ẹbí fi ń lọ sí ilé ìwòsàn náà sì lọ. Ẹ ka gbogbo èyí mọ́ ọn, pẹ̀lú owó epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà, kí ẹ sì rántí pé kò sí ẹni tí yóò sanwó ọjọ́ tí ẹ bá fi wá iṣẹ́ kiri.

Èsì kejì
Ní tèmi o, owó tí kì í tètè wọlé ni ó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí ọ́fíìsì, ju owó tí kò tó lọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè gba ínfọ́ìsì yín lónìí, kí wọ́n ní ó di ọjọ́ 60 tàbí 90 kí àwọn tó sanwó, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé kò ní dúró dè yín. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ óò gba apá kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ìdá 5 nínú 100 gẹ́gẹ́ bí withholding tax (owó orí tí ẹni tí ń sanwó máa ń yọ kí ó tó san ìyókù), ẹ rí i pé ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí òun ni yóò dín owó orí ọdún yín kù.

Èsì kẹta
Ẹ má gbára lé owó ìfẹ̀yìntì. Bí ẹ kò bá tíì pé ẹni ọdún 50, ìdá 25 nínú 100 rẹ̀ ni ẹ lè gbà jù, ó sì di lẹ́yìn oṣù 4 tí ẹ kò bá rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ tún ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín kà dáadáa, bóyá ó kà á léèwọ̀ pé kí ẹ bá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́. Nínú àwọn oníṣòwò tí ń wá yín, ẹ wá méjì tàbí mẹ́ta tí yóò fọwọ́ sí àdéhùn olóṣooṣù, kí ẹ fi orúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé.